Ọjọ́ Kan Tí Mo Yọ Nínú Ìṣirò Kòkó

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Bí mo bá sọ pé òdo ni ó dójú tì mí nílùú Ifẹ̀, òdo lásán tí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ń kọ sára ògiri, ẹ ó ní mo tún ti dé pẹ̀lú àwàdà mi. N kò lè bá yín jà. Àwọn tó mọ̀ mí ládùúgbò wa ní Mayfair kì í gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ lẹ́ẹ̀kan. Bí mo bá ní òjò ń bọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ yọjú wo sánmà. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ eléyìí tán, nítorí ó ti pé ọdún mélòó kan, ìtìjú rẹ̀ kò sì tíì kúrò lára mi.

Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lójú ọ̀nà tó lọ sí yunifásítì. Kọ̀ǹpútà méjì ló wà níbẹ̀, àga onírọ́bà mẹ́fà, àti pátákó funfun kan lára ògiri. Àwọn tó ń kàwé gíga a máa kó dátà wọn wá bá mi, n ó bá wọn ṣe ìṣirò rẹ̀, n ó sì ṣàlàyé ohun tí ìṣirò náà ń wí, kí wọ́n má baà dúró bí igi níwájú àwọn tó máa bi wọ́n léèrè. Mo kàwé yege nínú ìmọ̀ ìṣirò, mo sì mọ̀ ọ́n ṣàlàyé ju ọ̀pọ̀ lọ. N kò fi ìgbéraga sọ ọ́. Tàbí kí n kúkú sọ òótọ́: ìgbéraga ni.

Ẹ jẹ́ kí n fi bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé rẹ̀ hàn yín, torí inú rẹ̀ ni wàhálà mi ti wá. Ká ní ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá iṣu máa ń fúyẹ́ sí i bí ó ṣe ń pẹ́ nínú abà. Ẹ ó wọn iṣu púpọ̀, ẹ ó fi àmì kọ̀ọ̀kan sórí pépà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ẹ ó wá fa ìlà kan tó sún mọ́ gbogbo àmì náà jù lọ. Iye tí ìlà náà fi ń sọ̀kalẹ̀ fún ọjọ́ kan, òun ni àwọn olóyìnbó ń pè ní slope. Èmi ń pè é ní ìdagẹ̀rẹ́. Bí ìlà bá tẹ́ gbọọrọ, ìdagẹ̀rẹ́ rẹ̀ òdo ni, a jẹ́ pé pípẹ́ kò ṣe iṣu ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n iṣu tí ẹ wọ̀n kì í ṣe gbogbo iṣu ayé. Ká ní òmíràn lẹ mú, ìlà yín ìbá yí díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í dúró lórí iye kan ṣoṣo. A máa ń mọ ọgbà yí i ká, láti ibí dé ọ̀hún, a ó ní ọkàn wa balẹ̀ pé iye tòótọ́ wà láàárín. Confidence interval nìyẹn, ọgbà ìdánilójú. Ìbéèrè kan ló wá kù: òdo ńkọ́, inú ọgbà ló wà ni àbí ìta? Bí ó bá wà níta, ẹ lè la ẹnu yín níwájú àwọn àgbà pé ọjọ́ ń dín iṣu kù. Bí ó bá wà nínú, ẹ panu mọ́.

Nígbà tí òdo bá wà nínú ọgbà, mo ní eré kan tí mo máa ń ṣe. N ó kan tábìlì kò kò kò, n ó béèrè pé ta nìyẹn, n ó sì fi ohùn kékeré dá ara mi lóhùn pé, "Òdo ni o, mo ti wọlé." Àwọn tó jókòó á rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ni iṣẹ́ náà á rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, torí kí ló tún fẹ́ ṣe.

Lásìkò ọyẹ́ ọdún kan ni obìnrin kan wá bá mi. Ó fi nǹkan bí ọdún mẹ́ta jù mí lọ. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ọ̀kan nínú àwọn tó máa ń lọ bá àgbẹ̀ lóko láti fi ọ̀nà tó dára hàn wọ́n. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ rẹ̀ dàgbà ló padà sí yunifásítì láti gba oyè kejì. Ọmọ àgbẹ̀ kòkó ni, ọ̀rọ̀ kòkó náà ló sì kó wá. Kí àgbẹ̀ tó sá kòkó sóòrùn, ó yẹ kó kó hóró tútù jọ, kó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, kó jẹ́ kó gbóná kó sì kan. Ọ̀pọ̀ wọn kì í ní sùúrù. Kó tó dọ̀la wọ́n ti tú u síta. Àwọn tó ń ra kòkó lọ́wọ́ wọn ló sì ń tì wọ́n, wọ́n ń sọ pé bíbò pípẹ́ kò ju àṣà àwọn bàbá wọn lọ. Obìnrin yìí ní irọ́ ni. Ó ní bí ọjọ́ bíbò bá ṣe ń pọ̀ sí i ni hóró búburú ń dín kù. Àpọ̀jù náà kò dára, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bò ó dé bẹ̀ nínú àwọn tó bá pàdé. Oko ogójì ló lọ. Ní oko kọ̀ọ̀kan, ó fi ọ̀bẹ la ọgọ́rùn-ún hóró gbígbẹ sí méjì, ó ka àwọn tí inú wọn kò dára, ó kọ ọ́ sínú ìwé aláwọ̀ búlúù kan tí oje kòkó ti sọ di aláwọ̀ ilẹ̀.

Kì í ṣe oyè nìkan ló wà níbẹ̀ fún un. Àwọn àgbẹ̀ agbègbè wọn ti ṣèpàdé, wọ́n ní ohun tí ìwé rẹ̀ bá sọ ni àwọn yóò tẹ̀ lé. Ìsinmi ẹ̀kọ́ tí ìjọba fún un sì ti ń tán lọ. Bí kò bá parí ní sáà náà, yóò padà sẹ́nu iṣẹ́ láìní ìwé kankan lọ́wọ́. Gbogbo èyí ló sọ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo gbọ́ ọ. Mo tún fi ṣe yẹ̀yẹ́, mo ń pè é ní Màmá Kòkó.

Wàyí o, ẹ wo ohun tí mo ṣe.

Nínú ogójì oko náà, ogún ni ó wà níbẹ̀ fúnra rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n bo kòkó títí wọ́n fi tú u. Ogún yòókù, láti orí ìkọkànlélógún lọ, ẹnu àwọn olóko ló ti gbọ́ iye ọjọ́. Mo rí i bẹ́ẹ̀ nínú ìwé rẹ̀, ojú mi sì dán. Ṣé ẹ mọ bí a ṣe ń ka ọjọ́ nílé wa. Bí wọ́n bá bo kòkó lọ́jọ́ Ajé, tí wọ́n tú u lọ́jọ́ Ẹtì, olóko á ní ọjọ́ márùn-ún ni: Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Ẹtì. Ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ ń bẹ nínú ohun tí a ń kà. Oru mẹ́rin péré ni kòkó náà sì sùn lábẹ́ ewé. Mo ní áà, màmá yìí kò mọ̀. Ó ti da kíkà ilé pọ̀ mọ́ kíkà ìwé. Bẹ́ẹ̀ ni mo fi ọwọ́ ara mi yọ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan kúrò lára ogún oko tó gbọ́ lẹ́nu olóko. N kò bi í. Ó wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń mu omi inú ọ̀rá, n kò bi í. Ọmọ abà, ẹni tí wọ́n bí sáàárín kíkà ọjọ́ márùn-ún, èmi ọmọ ìgboro ni mo fẹ́ kọ́ ọ ní bí àgbẹ̀ ṣe ń ka ọjọ́.

Mo tẹ kọ̀ǹpútà. Ìlà náà ń sọ̀kalẹ̀ lóòótọ́, bí ó ti wí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo mọ ọgbà ká a, ọgbà náà bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ó gùn wá sókè, ó sì ré òdo kọjá díẹ̀. Díẹ̀ náà ni. Ó dà bí ẹni tó fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bọ́ sínú ilé onílé.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ló jókòó sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà. Mo kan tábìlì kò kò kò. Mo ṣe eré mi dé òpin. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó béèrè pé, "Ṣé ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ọ̀gá? Ojú mi ni mo fi rí àwọn hóró yẹn."

Mo ní, "Màmá, òdo kì í ṣe àna yín tí ẹ lè bẹ̀ kó padà sílé."

Ẹ̀rín tún bú jáde. Ó wá bi mí ohun tí ó yẹ kí òun kọ. Mo sọ fún un pé kí ó kọ pé kò sí ẹ̀rí tó tó láti sọ pé ọjọ́ bíbò ń dín hóró búburú kù. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe pè é, lẹ́tà lẹ́tà. Mo ní lọ́kàn láti sọ fún un pé mo yọ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ogún oko, ẹ̀rín ló gbé e lọ. Mo tẹ̀ ẹ́ sínú táábù, pépà onílà tí mo to àwọn iye náà sí tí mo sì fún un, mo rò pé yóò rí i níbẹ̀. Ta ló ń ka táábù tí oníṣirò bá fún un?

Ọjọ́ tí wọ́n máa bi í léèrè, ó ní kí n wá jókòó sẹ́yìn, torí pé mo ti bá òun ṣe wàhálà. Mo wọ bùbá tuntun. Yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, àwọn olùkọ́ mẹ́rin jókòó síwájú, alága wọn jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n àgbàlagbà kan tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń fi ṣíbí bu oògùn. Obìnrin náà sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó dé ibi ìparí, ó sọ ọ̀rọ̀ tí mo pè fún un, pé òdo wà nínú ọgbà. Bí ó ṣe sọ ọ́, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, bí ẹni tó ń jẹ́rìí lòdì sí ilé ara rẹ̀. Èmi lẹ́yìn ń mirí, inú mi ń dùn pé ó rántí gbogbo rẹ̀.

Alága ní kí ó gbé ìwé oko rẹ̀ wá. Ó ṣí ìwé búlúù náà, ó ṣí táábù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi ìka tẹ̀ lé wọn.

"Oko kẹtàlélógún," ó ní. "Ìwé ọwọ́ yín sọ pé ọjọ́ mẹ́rin. Táábù yín sọ pé mẹ́ta. Èwo ni ká gbà?"

Obìnrin náà sún mọ́ tábìlì. Alága tún ka ìkẹrìnlélógún, ó ka ìkẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Gbogbo wọn fi ọ̀kan dín. Ó wá bi obìnrin náà bí ó ṣe rí mẹ́rin ti oko kẹtàlélógún. Ó ṣàlàyé pé olóko sọ pé ọjọ́ márùn-ún, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n bò ó wà nínú márùn-ún yẹn, nítorí náà òun ti yọ ọ́ kúrò lóko, kí òun tó fi bíírò kan ìwé rárá. Ó ní kò sí ọmọ àgbẹ̀ tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ta ló wá tún yọ ọ̀kan?"

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ yẹn là. Obìnrin náà gbójú sókè, ó wò mí láàárín yàrá náà, ojú rẹ̀ kò sì pẹ́ lára mi rárá. Mo rí i pé ó ti mọ̀. Ohun tó kù ni kí n dìde. Ìdìde kò ṣòro, mo ti ń dìde láti ọmọ ọdún kan. Mo jókòó.

Ó kọjú sí alága, ó ní, "Àṣìṣe mi ni, sà."

Wọ́n ní àwọn kò lè buwọ́ lu iṣẹ́ tí ìwé oko rẹ̀ ń ta ko táábù rẹ̀. Alága fún un títí di aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọjọ́ kejì láti wá ṣàlàyé ẹni tó pa dátà dà àti ìdí rẹ̀, kó sì mú ìṣirò tó tọ́ wá. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ó di sáà tó ń bọ̀. Gbogbo wa ló mọ̀ pé kò ní sí sáà tó ń bọ̀ fún un. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé ìpápánu tí obìnrin náà ti rà sílẹ̀ wá. Ẹnì kan gbé míìtì páì lé mi lọ́wọ́. Mo jẹ ẹ́. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ yẹn, n kò mọ ìdí tó fi jẹ́ pé míìtì páì yẹn ló ń tì mí lójú jù.

Lórí àtẹ̀gùn mo bá obìnrin náà pàdé. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ kú ìjókòó," ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó gun ọ̀kadà lọ.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù ní ìrọ̀lẹ́, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ara mi. Mo dá ogún ọjọ́ náà padà síbi tí mo ti jí wọn, mo tún ìlà fà. Ìdagẹ̀rẹ́ rẹ̀ ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ: ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí àgbẹ̀ bá fi kún bíbò, bí hóró búburú méjì ló ń dín nínú ọgọ́rùn-ún. Mo mọ ọgbà yí i ká. Ọgbà náà wà lábẹ́ òdo látòkè délẹ̀, kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn. Òdo wà níta. Ohun tí obìnrin yẹn fojú rí lóko ni.

Èyí tó wá bà mí nínú jẹ́ jù ni pé, ká tilẹ̀ ní mo yọ ọjọ́ kan lára gbogbo ogójì oko, kò sí ohun tí ìbá bàjẹ́. Gbogbo àmì ìbá jọ sún sápá kan, ìlà ìbá bá wọn sún, ìdagẹ̀rẹ́ rẹ̀ kò ní yí padà. Ìdajì oko nìkan tí mo yọ ọ́ lára wọn ló da àmì wọ̀nyẹn rú. Ọmọ ọdún kìíní ní yunifásítì mọ èyí. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Mo ti kọ ọ́ sára pátákó funfun yẹn rí.

Nílé wa lẹ́yìn Enuwa, nítòsí ààfin, ìyàwó mi gbé oúnjẹ kalẹ̀, ó rí i pé n kò fọwọ́ kàn án. Mo rò ó fún un. Mo sọ pé mo ti tẹ ìṣirò tuntun náà, pé mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí obìnrin náà lórí Wátsáàpù, kí ó lè mú un dání lọ láàárọ̀ kí ó sì wí pé òun ló tún un ṣe. Mo tilẹ̀ ti kọ ọ̀rọ̀ náà tán, mo fi àwòrán ọwọ́ méjì tó pàdé sí ìparí rẹ̀. Ìyàwó mi gba fóònù, ó kà á, ó dá a padà fún mi.

Ó ní, "Gbangba lẹ ti fi í rẹ́rìn-ín. Kí ló dé tó jẹ́ kọ̀rọ̀ lẹ fẹ́ ti bẹ̀ ẹ́?"

Ó bo oúnjẹ mi. Mo pa ọ̀rọ̀ inú fóònù rẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, aago mẹ́jọ kò tíì lù tí mo ti wọ takisí ní Enuwa. Mo ń wá àwàdà tí n ó fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ alága. Láti ẹnu ọ̀nà ààfin dé ẹnu géètì yunifásítì n kò rí ẹyọ kan. Nígbà tí mo kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀, obìnrin náà ti wà níbẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n. Pépà mẹ́fà tó fọwọ́ kọ wà lórí tábìlì, ẹ̀rọ ìṣirò kékeré kan, irú èyí tí àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì ń lò, wà lórí wọn. Ó ti ṣírò oko ogójì náà fúnra rẹ̀, ìlà àti ọgbà, bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé rẹ̀ lára pátákó. Mo gbé tèmi síbẹ̀. Alága fi wọ́n wé ara wọn. Kò sí ìyàtọ̀ láàárín ọgbà méjèèjì.

Ó ní, "Ẹ ti ní ìṣirò. N kò tíì gbọ́ ẹni tó pa dátà dà."

Obìnrin náà ti ń la ẹnu. Mo yára ju ú lọ. Mo ní èmi ni. Mo ní n kò bi í, mo ní mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú èèyàn, mo ní mo wà nínú yàrá lánàá, mo dákẹ́. Ó dà bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń sọ ọ́, torí kò sí ẹ̀rín kankan nínú rẹ̀.

Alága kò bá mi wí. Ìbá sàn kó bá mi wí. Ó fa táábù àná yọ, ó fún mi ní bíírò, ó ní kí n fagi lé iye tí mo kọ, kí n kọ èyí tó tọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí n sì fọwọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ogún ìlà. Kò sí àga mìíràn nínú ọ́fíìsì náà, mo dúró, mo tẹ̀ ba. Obìnrin náà ṣí ìwé búlúù rẹ̀, ó ń pè é fún mi, ohùn rẹ̀ ṣe déédéé: oko kọkànlélógún, mẹ́rin, oko kejìlélógún, mẹ́fà. Akọ̀wé kan wọlé wá gbé fáìlì, ó wo bí mo ṣe tẹ̀ sórí tábìlì, ó jáde. Ẹlòmíràn tún wọlé. Títí a fi dé oko ogójì.

Alága wá buwọ́ lu ìwé obìnrin náà. Ó ní kí ó lọ tún orí ìparí kọ, kí ó kọ ohun tó rí lóko.

Nínú kọ́rídọ̀ mo ní, "Ẹ má bínú, mà."

Ó ń ti ìwé bọ inú báàgì rẹ̀. Ó ní, "Ìṣirò ṣe é tún ṣe, ọ̀gá. Ẹ̀rín yẹn ni mo gbé relé."

Ó ní òun fẹ́ tètè bá àwọn àgbẹ̀ kí wọ́n tó tú kòkó ọ̀sẹ̀ náà. Ó sọ̀kalẹ̀ lọ. Èmi dúró síbẹ̀, mo ṣì mú bíírò alága lọ́wọ́, ojú sì ń tì mí láti padà wọlé lọ dá a padà fún un.